Kọ́ọ̀dù USB ti wọlé, kẹ́nẹ̀lì ò mọ̀: bá a ṣe ń wá ibi tọ́rọ̀ náà há sí

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àwọn ọmọ yunifásítì FUOYE àtàwọn ọmọ Poly tó máa ń gbé bọ́ọ̀dù wá sí ṣọ́ọ̀bù wa l'Ádó-Èkìtì, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń tẹnu wọn jáde: "Ẹ̀gbọ́n, mo ti fi kọ́ọ̀dù sí i o, àmọ́ kò mọ̀ rárá." Kí n tó fèsì, wọ́n á ti ṣí kóòdù dráífà (sọ́fítíwíà tó ń darí ẹ̀yà kan lára ẹ̀rọ lábẹ́ kẹ́nẹ̀lì, ìyẹn ọkàn Linux) sórí láptọ́ọ̀pù, wọ́n á ti máa ki printk, àṣẹ tó ń kọ ọ̀rọ̀ sínú lọ́ọ̀gì kẹ́nẹ̀lì, bọ gbogbo ìlà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa kóòdù yẹn dé ná (kọ́ọ̀dù ni wáyà USB, kóòdù ni ohun tá a ń kọ sínú kọ̀ǹpútà). Iṣẹ́ tí wọ́n ń rán láti ẹnu dé ẹnu ni ọ̀rọ̀ kọ́ọ̀dù yìí: iná 5V dé orí píìnì, píìnì sọ fún GPIO (ẹsẹ̀ ṣípì tó ń kà bóyá iná wà lókè tàbí nísàlẹ̀), GPIO ta interrupt (ìró tó ń pe kẹ́nẹ̀lì sí ohun tó ṣẹlẹ̀), interrupt jí dráífà, dráífà sọ fún ẹ̀yà tó ń darí USB, ìyẹn ló wá máa fi ara ẹ̀ han láptọ́ọ̀pù. Ọ̀kan nínú wọn ló gbé iṣẹ́ náà mì. Ohun tá a fẹ́ ṣe ò ju ká mọ èwo ni, àti pé ibi kọ̀ọ̀kan ló ní fèrèsé tá a lè gbà yọjú wò ó láì kọ kóòdù kankan.

Àpẹẹrẹ tí mo máa lò ni ẹ̀rọ kékeré kan tá a ṣe fún àwọn oní-ìrẹsì ní Ìgbẹ́mọ. Ó ń ka àpò ìrẹsì tó ń jáde, Linux ló wà nínú ẹ̀, tó bá di òpin ọ̀sẹ̀ wọ́n á fi kọ́ọ̀dù so ó mọ́ láptọ́ọ̀pù, wọ́n á kó àkọsílẹ̀ jáde. Láptọ́ọ̀pù ni host, ẹ̀rọ tiwa ni device. Dráífà usb-conn-gpio tó wà nínú kẹ́nẹ̀lì tẹ́lẹ̀ la lò, tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ kọ tiyín, ọ̀nà kan náà lẹ máa tọ̀.

Ta ló yẹ kó kọ́kọ́ mọ̀?

Ibi tó ń ru àwọn èèyàn lójú jù nìyí, ẹ jẹ́ n farabalẹ̀ sọ ọ́. Ní ẹ̀gbẹ́ láptọ́ọ̀pù, wáyà D+ àti D-, àwọn méjì tí ọ̀rọ̀ ń gbà kọjá, ní rẹsístọ̀ 15k kọ̀ọ̀kan tó ń fà wọ́n sílẹ̀. Tí device bá fẹ́ sọ pé òun ti dé, á fi rẹsístọ̀ 1.5k fa D+ lọ sókè sí 3.3V (tó bá jẹ́ èyí tó ń rọra sáré, bíi máòsì àtijọ́, D- ló máa fà). Láptọ́ọ̀pù rí i pé wáyà kan ti gòkè, ó mọ̀ pé àlejò dé. Àmọ́ òfin USB sọ pé device ò gbọdọ̀ fa D+ sókè tí kò bá tíì rí iná lórí VBUS, ìyẹn wáyà 5V inú kọ́ọ̀dù. Ìyẹn ni pé tí bọ́ọ̀dù yín ò bá rí 5V yẹn, láptọ́ọ̀pù ò ní gbọ́ nǹkankan láé, ẹ lè jókòó ti láptọ́ọ̀pù náà di alẹ́. Nítorí náà tí láptọ́ọ̀pù bá dákẹ́ pátápátá, bọ́ọ̀dù ni kẹ́ ẹ kọjú sí.

Lórí láptọ́ọ̀pù ẹ tẹ àṣẹ yìí, tó ń fi lọ́ọ̀gì kẹ́nẹ̀lì hàn bó ṣe ń jáde

dmesg -w

kẹ́ ẹ wá fi kọ́ọ̀dù sí i. Tẹ́ ẹ bá rí "new high-speed USB device number..." tí "device descriptor read/64, error -71" wá tẹ̀lé e, inú yín dùn sí i, torí láptọ́ọ̀pù ti mọ̀ pé nǹkan wọlé, ọ̀rọ̀ mímọ̀ ti tán, ọ̀rọ̀ wáyà tó ń da ọ̀rọ̀ rú ló kù, ẹ lọ wo sọ́dà àti ẹnu ihò. -110 ní tiẹ̀, láptọ́ọ̀pù béèrè nǹkan, ó dúró títí, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. "connect-debounce failed" túmọ̀ sí pé kọ́ọ̀dù ń wọlé ó ń jáde: kẹ́nẹ̀lì máa ń yẹ̀ ẹ́ wò ní gbogbo 25ms, ó fẹ́ kó dúró jẹ́ẹ́ fún 100ms, tó bá di 2000ms tí kò tíì dúró ó ti sú u nìyẹn. Ọ̀kan tún wà tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín, kẹ́nẹ̀lì fúnra ẹ̀ á kọ ọ́ síbẹ̀ pé "Cannot enable. Maybe the USB cable is bad?" Ẹ gbà á gbọ́ jàre.

Kọ́ọ̀dù fúnra ẹ̀ ńkọ́? Mo mọ̀ pé ẹ ti gbọ́ ọ tì, ṣùgbọ́n àwọn kọ́ọ̀dù kan tí wọ́n ń tà ní Ọjà Ọba, wáyà méjì péré ló wà nínú wọn, pupa àti dúdú, ti ṣájà nìkan ni. Àmì tẹ́ ẹ máa fi dá a mọ̀ rèé: bọ́ọ̀dù á sọ pé kọ́ọ̀dù ti wọlé torí iná dé, láptọ́ọ̀pù ò ní sọ nǹkankan torí kò sí D+ tó máa gòkè. Ẹ fi mítà sí ibi tó ń dún, ẹ wò ó bóyá píìnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gba ara wọn já. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo inú ihò náà pẹ̀lú, ti Ìgbẹ́mọ yẹn, eruku ọyẹ́ àti èèpo ìrẹsì ló dì mọ́ ọn, igi ìtayín la fi há a jáde.

Ẹ wọn iná lórí píìnì, kì í ṣe lẹ́nu ihò

Àwọn èèyàn máa ń wọn VBUS lẹ́nu ihò, wọ́n rí 5V, wọ́n ní ó ti dáa. Kò tíì dáa o. GPIO ò lè gba 5V, torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń fi rẹsístọ̀ méjì pín in kó tó dé ibẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò tiwa: 100k lókè, 47k nísàlẹ̀. 5 ìlọ́po 47, ẹ fi 147 pín in, ó jẹ́ 1.6V. Tó bá jẹ́ 1.8V ni ẹsẹ̀ ṣípì yẹn ń lò, 1.6V tó o, á kà á sí òkè. Tó bá jẹ́ 3.3V ló ń lò ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ṣípì bẹ́ẹ̀ máa ń fẹ́ tó 2.0V kó tó gbà pé òkè ni, tó bá sì ti wọ 0.8V lọ sílẹ̀ ó ti di ìsàlẹ̀. 1.6V wá wà láàrin méjèèjì, kò sí lókè kò sí nílẹ̀, lónìí á ṣiṣẹ́, lọ́la tí ojú ọjọ́ bá tutù á kọ̀, bọ́ọ̀dù kan nínú mẹ́wàá á máa ṣiṣẹ́, ẹ̀yin á máa bú dráífà. Tẹ́ ẹ bá ń tún àwòrán ẹlòmíì ṣe láti 1.8V sí 3.3V, ibẹ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò.

Tí sọ́dà rẹsístọ̀ ìsàlẹ̀ náà ò bá mú dáadáa mọ́ bọ́ọ̀dù, nǹkan míì tó ṣòro gbàgbọ́ ló máa ń ṣẹlẹ̀. Tẹ́ ẹ bá yọ kọ́ọ̀dù, píìnì yẹn á kàn dúró sínú afẹ́fẹ́, á máa gbá iná tó wà nínú ilé mọ́ra. Iná wa ń yí lẹ́ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́ta ní sẹ́kọ́ọ̀ndì kan, òkè àti ìsàlẹ̀, ó lè fún yín ní bíi 100 interrupt ní sẹ́kọ́ọ̀ndì láìsí kọ́ọ̀dù kankan níbẹ̀. Wọ́n mú iná lọ, ó dákẹ́ wẹ́lo. Wọ́n dá a padà, ó tún bẹ̀rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí dráífà tó ń ya wèrè nígbà tí iná bá wà nìkan, ẹ gbé sọ́dà yín.

Kí ni kẹ́nẹ̀lì rí?

Kẹ́ ẹ tó wo GPIO, ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá dráífà tiẹ̀ dìde:

cat /sys/kernel/debug/devices_deferred
ls /sys/bus/platform/drivers/usb-conn-gpio/

Tí orúkọ ẹ̀rọ yín bá wà nínú ti àkọ́kọ́, ó ṣì ń dúró de ẹlòmíì ni, ọ̀pọ̀ ìgbà ẹ̀yà tó ń darí USB ni tí module ẹ̀ ò tíì wọlé, kò sóhun tẹ́ ẹ fẹ́ wá nínú interrupt nígbà yẹn. Tí dráífà bá ti dìde:

cat /sys/kernel/debug/gpio

Ẹ wá ìlà tí "vbus" wà nínú ẹ̀, ó máa rí báyìí:

gpio-21 ( |vbus ) in hi IRQ

Ẹ fi kọ́ọ̀dù sí i, ẹ yọ ọ́, ẹ máa tún un kà, hi àti lo gbọ́dọ̀ máa pààrọ̀ ara wọn. Tí mítà bá ń pààrọ̀ tí èyí ò pààrọ̀, píìnì míì lẹ kọ sínú device tree (fáìlì tó ń sọ ẹ̀yà tó wà lórí bọ́ọ̀dù fún kẹ́nẹ̀lì) tàbí pinmux (ètò tó ń pín iṣẹ́ fún píìnì) ti fún un níṣẹ́ míì. Ẹ tún ṣọ́ra fún ohun kan: hi tó wà níbí, iná gidi tó wà lórí píìnì ló ń sọ, ṣùgbọ́n ohun tí dráífà ń rí látọwọ́ gpiod_get_value ti kọjá lábẹ́ GPIO_ACTIVE_LOW, àmì inú device tree tó ń sọ òkè di ìsàlẹ̀. Tí "ACTIVE LOW" bá wà nípàrí ìlà náà, hi níbẹ̀, 0 ni lójú dráífà. Ẹni tó da GPIO_ACTIVE_LOW kọ látinú àpẹẹrẹ ẹlòmíì láì wo bọ́ọ̀dù tiẹ̀, tẹ́ ẹ bá fi kọ́ọ̀dù sí tiẹ̀ á ní wọ́n yọ ọ́, tẹ́ ẹ bá yọ ọ́ á ní ó wọlé.

Ẹ lè fẹ́ lo gpiomon láti ṣọ́ píìnì náà. Ó dáa, àmọ́ á sọ pé "Device or resource busy" torí dráífà ti dì í mú. Ẹ kọ́kọ́ tú dráífà kúrò lórí ẹ̀, ẹ kọ orúkọ ẹ̀rọ náà sínú fáìlì unbind tó wà nínú fódà dráífà yẹn, ẹ ṣe ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe, kẹ́ ẹ tún fi bind dá a padà.

Ìró interrupt

watch -n1 cat /proc/interrupts

Ẹ wo ìlà tiyín. Kọ́ọ̀dù kan wọlé, nọ́mbà yẹ kó gòkè díẹ̀, ìkan, méjì, márùn-ún, kò sí wàhálà, irin ò lè kan irin kó má gbọ̀n. Tí kò bá kúrò lójú kan rárá nígbà tí /sys/kernel/debug/gpio ń pààrọ̀, interrupt ò dé. Tó bá ń gòkè nígbà tẹ́ ẹ bá fi sí i ṣùgbọ́n tí kì í gòkè nígbà tẹ́ ẹ bá yọ ọ́, ẹni tó kọ dráífà béèrè ìdajì péré, IRQF_TRIGGER_RISING (ìgbà tó ń gòkè) àti IRQF_TRIGGER_FALLING (ìgbà tó ń sọ̀kalẹ̀) ló yẹ kó wà papọ̀, pẹ̀lú IRQF_ONESHOT tó bá jẹ́ thread, iṣẹ́ kẹ́nẹ̀lì tó lè sùn, ló ń gbà á. Tí píìnì náà bá wà lórí ṣípì míì tá a ń fi I2C bá sọ̀rọ̀, gpiod_get_value_cansleep lẹ máa lò, inú thread tàbí workqueue (ìlà iṣẹ́ tí kẹ́nẹ̀lì máa ṣe tó bá yá) sì ni, torí kíka I2C lè sùn lọ, interrupt gidi ò sì gbọdọ̀ sùn.

Ṣé ẹ ti gbọ́ èyí rí: "Tí mo bá fi sí i lẹ́yìn tó ti tàn á ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n tó bá ti wà lára ẹ̀ kí n tó tàn án, kò mọ̀"? Interrupt yìí, ìgbà tí iná bá ń gòkè tàbí tó ń sọ̀kalẹ̀ ló máa ń dún. Kọ́ọ̀dù tó ti wà níbẹ̀ kí dráífà tó dìde ti gòkè tipẹ́, kò sóhun tó máa dún mọ́. Nínú probe (ibi tí dráífà ti ń dìde), lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti gba interrupt, ẹ gbọ́dọ̀ fúnra yín pe iṣẹ́ àyẹ̀wò náà lẹ́ẹ̀kan. Nínú resume (ibi tó ti ń jí lójú oorun) náà bákan náà, torí ẹni tó yọ kọ́ọ̀dù nígbà tí ẹ̀rọ ń sùn ò jí ẹnikẹ́ni. usb-conn-gpio ń ṣe méjèèjì, ọ̀pọ̀ dráífà tí àwọn èèyàn kọ fúnra wọn kì í ṣe é. Ìdánwò ẹ̀ ò sì ju pé kẹ́ ẹ pa ẹ̀rọ, kẹ́ ẹ fi kọ́ọ̀dù sí i, kẹ́ ẹ tàn án.

Wàyí o, debounce, ìyẹn dídúró kí ìgbọ̀n iná tán ká tó kà á. Nínú dráífà yìí, tí GPIO bá lè fúnra ẹ̀ dúró kí ìgbọ̀n náà tán, á jẹ́ kó ṣe é, tí kò bá lè ṣe é, á fi 20ms dúró nínú sọ́fítíwíà. Tẹ́ ẹ bá ń kọ tiyín, ẹ má fi ojú kan náà wo queue_delayed_work àti mod_delayed_work. Ti àkọ́kọ́, tí iṣẹ́ bá ti wà lórí ìlà, interrupt tuntun ò ní sún un síwájú, 20ms látorí ìgbọ̀n àkọ́kọ́ ló ń kà, ó lè lọ ka píìnì nígbà tó ṣì ń gbọ̀n. Ti kejì ń sún un síwájú ní gbogbo ìgbà:

static irqreturn_t kodu_isr(int irq, void *d)
{
    struct kodu *k = d;
    mod_delayed_work(system_power_efficient_wq, &k->dw,
                     msecs_to_jiffies(20));
    return IRQ_HANDLED;
}

Báyìí, 20ms ìdákẹ́jẹ́ gidi ló máa kọjá kó tó kà á. Èmi fẹ́ràn ìkejì yìí, àmọ́ ẹ rántí píìnì tó ń gbá iná ilé mọ́ra lókè yẹn, tí kò bá dákẹ́ láé, iṣẹ́ náà ò ní ṣe láé, kọ́ọ̀dù wọlé ẹ ò ní gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí dráífà fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́

Ìsinsìnyí la lè tẹ́tí sí kóòdù, síbẹ̀ a ò ní kọ nǹkankan. Tí CONFIG_DYNAMIC_DEBUG (ètò tó ń tan ọ̀rọ̀ àyẹ̀wò tó ti wà nínú dráífà tẹ́lẹ̀) bá wà nínú kẹ́nẹ̀lì yín:

echo 'module usb_conn_gpio +p' > /sys/kernel/debug/dynamic_debug/control

Ẹ máa wá rí irú ìlà yìí nínú dmesg:

role none -> device, gpios: id 1, vbus 1

Ìyẹn ni pé dráífà ti rí kọ́ọ̀dù, ó sì ti pinnu pé device la jẹ́. Tí "repeated role" bá ń jáde léraléra, interrupt ń jí i lásán ni, ẹ padà sórí sọ́dà àti debounce. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí i láti ìgbà tó ń tàn, ẹ fi usb_conn_gpio.dyndbg=+p sí ìlà tí kẹ́nẹ̀lì fi ń dìde.

Ẹ ò ní gbàgbé pé mo ní kẹ́ ẹ má ki printk bọ gbogbo ìlà. Ìdí ẹ̀ rèé: tí lọ́ọ̀gì yín bá ń gba serial 115200 jáde, lẹ́tà 80 máa gbà tó 7ms. Ẹ fi ìlà mẹ́ta sínú isr (kóòdù tí interrupt ń jí), ẹ ti lé ní 20ms nìyẹn, debounce tẹ́ ẹ fẹ́ wò ti yí padà lójú yín, àìsàn náà sì lè sá lọ títí tẹ́ ẹ fi máa yọ àwọn ìlà yẹn kúrò. ftrace, irinṣẹ́ tí kẹ́nẹ̀lì fi ń ṣàkọsílẹ̀ ohun tó ń ṣe, ni kẹ́ ẹ lò, kì í dá nǹkan dúró tó bẹ́ẹ̀. Ẹ gba nọ́mbà interrupt yín látinú /proc/interrupts, ká ní 47 ni:

cd /sys/kernel/tracing
echo 'irq == 47' > events/irq/irq_handler_entry/filter
echo 1 > events/irq/irq_handler_entry/enable
echo 1 > events/workqueue/workqueue_execute_start/enable
cat trace_pipe

Ẹ fi kọ́ọ̀dù sí i, ẹ ka àkókò tó wà lápá òsì. Interrupt á tò tẹ̀lé ara wọn, lẹ́yìn wọn ìlà tí usb_conn_detect_cable wà nínú ẹ̀ á yọ. Tí interrupt bá wà tí iṣẹ́ yẹn ò yọ, ibẹ̀ ló ti há.

Dráífà ti sọ, ta ni ò gbọ́?

cat /sys/class/usb_role/*/role
cat /sys/class/udc/*/state

Ti àkọ́kọ́ yẹ kó jẹ́ "device". Ìkejì tó bá ṣì jẹ́ "not attached", ẹ wò ó bóyá ẹ tiẹ̀ ti so gadget (irú ẹ̀rọ USB tí device fẹ́ fi ara ẹ̀ hàn bíi rẹ̀) kankan mọ́ UDC (ẹ̀yà tó ń darí USB ní ẹ̀gbẹ́ device), ìyẹn orúkọ UDC tẹ́ ẹ máa ń kọ sínú fáìlì UDC ní configfs, torí láìsí gadget kò sẹ́ni tó máa fa D+ sókè. Tí gadget bá wà, ìdánwò kan wà níbí tí mi ò lè fi ṣeré:

echo disconnect > /sys/class/udc/ORUKO/soft_connect
echo connect > /sys/class/udc/ORUKO/soft_connect

Tí láptọ́ọ̀pù bá wá jí lójijì tí state sì di "configured", D+, D- àti gadget ò ní ẹ̀bi kankan, ọ̀nà tí ìròyìn kọ́ọ̀dù ń gbà wá ló bàjẹ́, ẹ padà sẹ́yìn. Tí kò bá tún jí, ẹ fi VBUS sílẹ̀, ẹ lọ wo PHY (ẹ̀yà tó ń fi iná ránṣẹ́ lórí D+ àti D-), clock ẹ̀ àti iná tó ń gbà.

Tiwa ti Ìgbẹ́mọ, wíwọlé ò ní ìṣòro, yíyọ ni. Wọ́n á yọ kọ́ọ̀dù, ẹ̀rọ á ṣì máa sọ pé ó wà níbẹ̀, wọ́n á yára fi padà, láptọ́ọ̀pù á wà ní ìdààmú. Kapásítọ̀ 10µF ló wà lórí VBUS, ìyẹn sì bá òfin mu torí 1 sí 10µF ni wọ́n fàyè gbà fún device. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí iná inú ẹ̀ fi lè jáde ni 147k yẹn, 10µF ìlọ́po 147k jẹ́ sẹ́kọ́ọ̀ndì 1.47, kí VBUS tó lọ sílẹ̀ sí nǹkan bíi 2V tí GPIO 1.8V tiwa fi máa gbà pé ó ti lọ, ó ti tó sẹ́kọ́ọ̀ndì 1.4. Kò sí kóòdù tó lè tún ìyẹn ṣe o. Rẹsístọ̀ 10k kan láti VBUS sí ilẹ̀, ó di ohun tí kò tó 0.1 sẹ́kọ́ọ̀ndì, 0.5mA ló sì ń jẹ. Tí VBUS tiyín ò bá wá lọ sílẹ̀ rárá lẹ́yìn tẹ́ ẹ yọ ọ́, iná bọ́ọ̀dù fúnra ẹ̀ ló ń jò bọ́ síbẹ̀, ẹ wá ibi tó yẹ kí diode wà tí kò sí.

Àwọn tó ń lo Type-C, CC1 àti CC2 ló ń sọ pé kọ́ọ̀dù wọlé, pẹ̀lú 5.1k kọ̀ọ̀kan sí ilẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ device. Kọ̀ọ̀kan ni mo wí. Kọ̀ǹpútà kékeré Raspberry Pi 4 tó jáde ní 2019 so CC méjèèjì pọ̀ mọ́ 5.1k kan ṣoṣo, àwọn kọ́ọ̀dù kan tó ní ṣípì nínú wá ń rò pé etí ìgbọ́rin ni wọ́n kì bọ̀ ọ́, ṣájà ò fún un níná, wọ́n tún un ṣe lẹ́yìn náà. Tí TCPM (ẹ̀yà kẹ́nẹ̀lì tó ń darí Type-C) bá wà nínú kẹ́nẹ̀lì yín, gbogbo bí CC ṣe ń yí padà wà nínú /sys/kernel/debug/usb/tcpm-*/log, ẹ kà á láti òkè délẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó gbé e padà fún oníbàárà, ẹ fi sí i kẹ́ ẹ yọ ọ́ kíákíá, ẹ rọra tì í wọlé bí ẹni tí kò fẹ́, ẹ tàn án pẹ̀lú kọ́ọ̀dù lára, ẹ jẹ́ kó sùn kẹ́ ẹ yọ ọ́, ẹ fi sára ṣájà lásán, ẹ fi sára láptọ́ọ̀pù tí iná ò sí nínú ẹ̀. Kẹ́ ẹ wá pa dyndbg pẹ̀lú -p, torí lọ́ọ̀gì yẹn á kún káàdì wọn kí oṣù tó parí.